Ìlò Eré Ìmọ̀lára fún Ọmọ tí Ìṣiṣẹ́ Ọpọlọ Rẹ̀ Yàtọ̀ àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni bí olùkọ́ ṣe lè fi eré so ọmọ tí ìṣiṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá di etí nígbà tí agogo ilé-ìwé ń dún, tàbí tí ó kọ̀ láti fọwọ́ kan amọ̀ tútù, olóríkunkun ni àwọn olùkọ́ kan máa ń pè é. Èyí kò tọ̀nà rárá. Nínú ìwé tí A. Jean Ayres, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1972, ó ṣàlàyé pé ọpọlọ ní láti to ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ara sì mọ̀ pọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó lè wọlé. Kò fi mọ sí ìmọ̀lára márùn-ún tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ó tún mẹ́nu ba ti inú etí, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú, àti ti iṣan òun oríkèé, tí ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láìwò ó. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ìtọ́jú tí ó gbé kalẹ̀ ti gbéṣẹ́ tó, ṣùgbọ́n pé ìmọ̀lára àwọn ọmọ kan pọ̀ jù tàbí kéré jù kúrò ní àríyànjiyàn; láti 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ àmì ọ́tísíìmù.

Eré tí ó bá èyí mu kò jìnnà sí ilé. Ihò méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì ni í wà nínú wọn, àpapọ̀ 48. Ọmọ ayò ń yọ̀, ó tutù lọ́wọ́, ìró rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó kàn láti ta kò fara sin, kò sì di dandan kí òṣèré wojú ẹnìkejì. Bojúbojú ni ó yẹ kí a tún ṣe. Ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n bo òun lójú lè jẹ́ ẹni tí àwọn tó sá pamọ́ ń sáré wá bá. Kí wọ́n fọwọ́ kan igi tí ó dúró tì, kí wọ́n má fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni gbígbé abọ́ iyanrìn ọmọ yìí sí kọ̀rọ̀, tí eré fi ń di ìtọ́jú. Àárín kíláàsì ni kí abọ́ iyanrìn gbígbẹ àti abọ́ omi wà, kí ṣíbí wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹní kan sì wà lábẹ́ igi, níbi tí ariwo kò pọ̀ sí, fún ọmọ yòówù tí ó bá fẹ́ sinmi; bí ó bá jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo, àbùkù ni yóò dà. Kò sí ìdí láti bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n káàánú rẹ̀. Kí olùkọ́ sọ fún wọn pé etí rẹ̀ ń gbọ́ ariwo ju tiwọn lọ, ó tó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń kó nǹkan sẹ́nu kò gbọdọ̀ dá jókòó ti ọmọ ayò.