The Oregon Trail pẹ́ kó tó dé orí Switch, àmọ́ àwọn kan dúró jù wá lọ

Ọ̀rọ̀ géèmù la fẹ́ sọ lónìí, géèmù ẹ̀kọ́ sì ni. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe pe "ẹ̀kọ́" yẹn, àwọn kan nínú yín ti fẹ́ bọ́ sórí nǹkan míì. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

The Oregon Trail lorúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò le: ẹ kó ẹbí yín sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí akọ màlúù ń fà, ẹ gbéra ní ìlú Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri, ó di àfonífojì Willamette ní Oregon, nǹkan bíi 2,000 máìlì. Láàárín ọdún 1840 sí 1850 ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ máa ra oúnjẹ, aṣọ àti ọta ìbọn. Ẹ máa sọdá odò. Àwọn kan máa kú lọ́nà, ìgbẹ́ ọ̀rìn ló sì lókìkí jù nínú ohun tó ń pa wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ìgbẹ́ ọ̀rìn inú géèmù yìí ti di àwàdà tí wọ́n ń tẹ̀ sára ẹ̀wù.

Ẹ̀dà tuntun tí ilé iṣẹ́ Gameloft ṣe jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2021, orí Apple Arcade nìkan. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń san owó oṣooṣù fún Apple kó lè máa gbá géèmù láìsí ìpolówó kankan. Ẹni tó ní iPhone tàbí iPad ló ń jẹun níbẹ̀. Àwa Android ń wòran. Àwọn tó ní ẹ̀rọ géèmù nílé náà ń wòran pẹ̀lú wa. Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ló tó dé orí Nintendo Switch àti kọ̀ǹpútà. Oṣù mọ́kàndínlógún lé díẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn di gbogbo ẹ̀bi ru Apple. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ṣe fún Arcade kì í sí lórí fóònù ilé iṣẹ́ míì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀rọ géèmù. Sayonara Wild Hearts dé orí Arcade, Switch àti PlayStation 4 lọ́jọ́ kan náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìṣòwò lásán ni, kò sì yẹ kó bí ẹnikẹ́ni nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo dúró, ó dé, mo rà á sórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì gbá a títí bátìrì fi kú, torí kò kúkú sí iná.

Àmọ́ kì í ṣe oṣù mọ́kàndínlógún yẹn ló mú mi jókòó sídìí máìkì lónìí. Ìdúró kan wà nínú géèmù yìí tó tó àádọ́ta ọdún.

Ní 1971, Don Rawitsch jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Minneapolis. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti ń ya máàpù sórí pátákó láti fi ṣe ayò onídáìsì fún wọn, kí àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbé, Bill Heinemann àti Paul Dillenberger, tó sọ fún un pé kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ kíláàsì kọ́kọ́ gbá a. Ẹ má ro pé wọ́n ń wo àwòrán o. Ẹ̀rọ kan bíi taipuráítà, tí wáyà tẹlifóònù so mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, ló ń tẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí ìwé. Ọmọ tó bá fẹ́ yìnbọn pa ẹran á tẹ BANG. Bí ó bá yára, ẹran kú; bí ó bá falẹ̀ tàbí ó ṣì í tẹ̀, ebi ni.

Ní 1974, Rawitsch rí iṣẹ́ sí MECC, àjọ kan tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ Minnesota. Ìwé tí wọ́n tẹ ètò náà sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tí mo gba tiẹ̀ fún gan-an: ó wá àkọsílẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ìgbà yẹn, ó kà á, ó sì fi ṣe ìṣirò bí òjò, àìsàn àti jàǹbá ṣe gbọ́dọ̀ máa wáyé tó. Inú àkọsílẹ̀ yẹn náà ló ti rí i pé àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń ran àwọn àlejò wọ̀nyí lọ́wọ́. Ó fi ìyẹn sínú géèmù.

Nítorí náà, kò purọ́ mọ́ wọn. Ibi tí wọ́n fi wọ́n sí ni ìṣòro wà. Nínú ẹ̀dà Apple II ti 1985, èyí tí R. Philip Bouchard darí, tí àìmọye ọmọ Amẹ́ríkà fi dàgbà, bí ẹ bá dé odò Snake, ọmọ Shoshoni kan lè bá yín mú kẹ̀kẹ́ sọdá tí ẹ bá fún un ní aṣọ. Ó bá yín ṣiṣẹ́, ó gbowó iṣẹ́, ó tán. Ẹ ò lè jẹ́ òun. Lékòó níbí, ẹ ṣáà da yanrìn sílẹ̀, ọmọ onílẹ̀ á ti dé kí ọkọ̀ tó yí padà. Nínú géèmù yìí, kẹ̀kẹ́ ń kọjá lọ rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló nilẹ̀.

Àwọn tó nilẹ̀ sì lórúkọ. Àwọn Kalapuya ló ni àfonífojì Willamette, ibi tí géèmù ti ń kí yín kú oríire. Ibà ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín 1830 sí 1840, kí kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé wọ̀ǹtìwọnti. Ní 1850, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin kan tó fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó bá ń gbé ibẹ̀, tó sì ń dáko, ní 320 éékà lọ́fẹ̀ẹ́. Tọkọtaya gba 640. Ọdún 1855 ni wọ́n tó bá àwọn Kalapuya parí àdéhùn ilẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó wọn lọ sí Grand Ronde.

Ohun tó dé ní 2021 nìyí. Gameloft pe àwọn onímọ̀ ìtàn mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn: William Bauer, Margaret Huettl àti Katrina Phillips. Wọ́n tún orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kó dirun, kì í sì í ṣe ọfà ni kí wọ́n máa gbé kiri nígbà tí ìbọn ti wà. Gẹ̀ẹ́sì wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí wọ́n ń fi sí wọn lẹ́nu lọ. Ìlù àti fèrè bíi ti fíìmù àtijọ́ náà lọ. Bí ẹ bá ṣí géèmù, ó máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ohun tí àwọn kan ń pè ní ìrìn-àjò, ìgbógunti ló jẹ́ fún àwọn onílẹ̀. Ẹ sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn báyìí, kí ẹ gba ojú ọ̀nà tiwọn.

Ṣé ó tó? Rárá. Ìtàn wọn dára, òun ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló wà. Ọ̀nà ńlá ṣì ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́, oríire ṣì wà ní Willamette. Ẹ fi wé When Rivers Were Trails, tó jáde ní 2019, tí Elizabeth LaPensée darí, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìbílẹ̀ sì kọ. Anishinaabe lẹ máa jẹ́ níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1890, tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, tó ń wá ọ̀nà lọ sí California. Minnesota ni wọ́n ti lé e, ìpínlẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ṣe The Oregon Trail.

Ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀, kò sì béèrè iPhone lọ́wọ́ yín. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá. Lẹ́yìn náà, bí owó bá wà, ẹ ra èkejì, ẹ má fi gbogbo owó ra ọta ìbọn, kí ẹ kọ̀wé sí wa láti sọ ẹni tí ìgbẹ́ ọ̀rìn kọ́kọ́ mú lọ nínú ẹbí yín.