Ayò tí Gbogbo Ayé ń Wò

Ẹni tí ó bá ti jókòó lábẹ́ igi ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ní Ikogosi, ní Arámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n, mọ bí àwọn àgbà ti í ta ayò. Ihò 12 ni ọpọ́n náà ní, ọmọ ayò 48 ni a sì fi ń ta á. Ẹni méjì péré ni ó ń ta, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó yí wọn ká ni ó ń sọ̀rọ̀. Wọn a fi òpè ṣẹ̀sín, wọn a yin ọ̀ta, ẹlòmíràn a sì na ìka sí ihò tí ó yẹ kí a kó. Nínú ayò tiwa, ariwo òǹwòran wà lára adùn rẹ̀.

Ayò mìíràn wà tí ó ti ọ̀nà Íńdíà àti Páṣíà tan káàkiri ayé, èyí tí à ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ojú 64 ni ó wà lórí pátákó rẹ̀, ọmọ ayò 16 sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje rẹ̀, òǹwòran kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí ni bí ayò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ti di ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń wò láti ilé wọn bí ó ti ń lọ lọ́wọ́, àti ewu tí ó bá èyí rìn.

Ní ọdún 1924 ni a dá FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, sílẹ̀ ní ìlú Paris. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́ náà túmọ̀ sí pé ẹbí kan ni gbogbo wa. Ní 1927, orílẹ̀-èdè 16 pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù fún Olympiad àkọ́kọ́, Họ́ńgárì ni ó sì gba ipò kìíní. Lónìí, orílẹ̀-èdè tí ó ń wá ju 150 lọ. Ẹni mẹ́rin ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń fi síwájú, ẹnì karùn-ún a sì wà ní ìpamọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣẹ́gun a gba àmì méjì. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ọ̀kọ̀ọ̀kan a gba ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta jù kò lè dá ẹgbẹ́ rẹ̀ là. Ní Budapest ní 2024, Íńdíà ni ó gba góòlù níbi ìdíje gbogbogbòò àti ti àwọn obìnrin.

Báwo ni ìròyìn irú ayò bẹ́ẹ̀ ti ń dé ilé? Ní September 1945, bí ogun ńlá ti ń parí, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fi rédíò ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni mẹ́wàá jókòó ní New York, mẹ́wàá sì jókòó ní Moscow, a sì ń fi àmì ránṣẹ́ la òkun kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá gbé ọmọ ayò. Rọ́ṣíà ni ó borí pẹ̀lú àmì 15½ sí 4½. Ní 1972, nígbà tí Fischer ará Amẹ́ríkà àti Spassky ará Rọ́ṣíà pàdé ní Iceland, olùkọ́ kan dúró níwájú pátákó ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ìròyìn ti ń dé. Ní báyìí, pátákó fúnra rẹ̀ ni ó ń mọ ibi tí a gbé ọmọ ayò sí, íntánẹ́ẹ̀tì a sì gbé e lọ sí gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà a sì fi ẹni tí ọ̀nà là fún hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo òǹwòran ṣe padà wọ inú ayò, ṣùgbọ́n etí àwọn tí ń ta á kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Níbi Olympiad ti 2010, ní Khanty-Mansiysk ní Rọ́ṣíà, àwọn ará Faransé mẹ́ta di ọ̀tẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan wà ní Faransé, ó ń wo ayò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó ń fi àmì ránṣẹ́ sórí fóònù olùkọ́ ẹgbẹ́ náà. Olùkọ́ a wá lọ dúró lẹ́yìn tábìlì kan tàbí òmíràn, ibi tí ó bá sì dúró sí ni ẹni tí ń ta ayò fi ń mọ ohun tí yóò ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì Faransé fúnra rẹ̀ ni ó tú àṣírí náà, tí kò fi tirẹ̀ pamọ́, FIDE sì dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi ní 2012, ó sì lé wọn sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Nítorí irú èyí, àwọn ìdíje kan ń jẹ́ kí ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá kí wọn tó fi ayò han aráyé.

Ẹ̀rọ náà sì lè ya ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní 2020, nígbà tí àrùn kò jẹ́ kí a pàdé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ta Olympiad. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, láàárín Íńdíà àti Rọ́ṣíà, ìsopọ̀ já mọ́ àwọn ọmọ Íńdíà lọ́wọ́, àkókò wọn sì tán. Ààrẹ FIDE wá pín góòlù fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Àwa tí iná mànàmáná ń já wa kulẹ̀ lójoojúmọ́ yóò mọ iyì ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní 2017, ní Tbilisi, Oluwafemi Balogun ọmọ Nàìjíríà jókòó kojú Magnus Carlsen, ẹni tí ó jẹ́ ọba ṣẹ́ẹ̀sì ayé nígbà náà, ní ojú gbogbo ayé. Carlsen ni ó borí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú irú ìṣubú bẹ́ẹ̀. Ní April 2024, Tunde Onakoya, ẹni tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ṣẹ́ẹ̀sì láti 2018, ta á fún wákàtí 60 ní New York láti kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní 2025 ó tún padà, ó sì ta á fún wákàtí 64. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò lè dé ibẹ̀ ń wò ó lórí fóònù wọn tọ̀sán-tòru.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń wo ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù, ẹ má ṣe tètè bá a wí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í pé kí ni òun ìbá ṣe bí ó bá jẹ́ òun ni ó wà níbẹ̀, kí ó tó wo ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ rò ó ni ó jèrè. Ẹ sì kọ́ ọ pé ó sàn kí òpè ta ayò rẹ̀ ní òtítọ́ kí wọn sì pa á, ju kí ó jí ọgbọ́n ẹlòmíràn kí a sì pè é ní ọ̀ta lọ.