Kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́ nìkan kò tó iṣan àgbà

Ní 2021, ìròyìn ikú Robert Marchand kárí ayé, bàbá ará Faransé tó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tó sì kú lẹ́ni ọdún 109. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kí àgbà ṣáà ti máa gun kẹ̀kẹ́, ó parí. Ẹ jẹ́ ká rọra níbẹ̀.

Oríṣi fọ́nrán méjì ló pọ̀ jù nínú iṣan itan wa. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Èkejì yára, ó lágbára, àmọ́ kì í lè fara dà á pẹ́. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni okùn tó ń gbé àṣẹ wá bá wọn ti wá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, àwọn okùn yìí a máa kú díẹ̀díẹ̀, ti fọ́nrán tó yára ló sì máa ń kú jù. Fọ́nrán tí okùn rẹ̀ kú dà bí ilé tí wọ́n já wáyà iná rẹ̀. Tó bá ṣe kòńgẹ́ oore, ará ilé kejì á fa wáyà bọ̀ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ló sábà máa ń ṣe irú oore yìí, fọ́nrán tí wọ́n ràn lọ́wọ́ náà á sì di oníṣẹ́ pẹ̀lẹ́. Èyí tí kò rí aláàánú á gbẹ.

Ọpọlọ kì í sì í pe gbogbo fọ́nrán síṣẹ́ pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ló ń kọ́kọ́ pè. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn ló tó ń ké sí àwọn tó yára. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lórí títì tó tẹ́jú, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á jèrè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó yára lè má ṣe nǹkan kan. Gbígbé irin tó wúwo ló ń lé wọn dìde.

Ní 2012, onímọ̀ Julien Louis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé dán an wò lára eléré ìfaradà mẹ́sàn-án tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 51, àti ọ̀dọ́ mẹ́jọ. Wọ́n á jókòó sórí ẹ̀rọ, wọ́n á ki ojúgun bọ abẹ́ ọ̀pá irin, wọ́n á na ẹsẹ̀ títí orúnkún yóò fi gún régé: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ìsinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mìíràn, títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Tẹ́lẹ̀, agbára tí àwọn àgbà ń ná lórí kẹ̀kẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n parí, ìyàtọ̀ yẹn ti lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì tó fún itan láti tóbi. Ó dá mi lójú tó pé okùn àti ọpọlọ ló kọ́kọ́ jèrè, nítorí náà kí agunkẹ̀kẹ́ tó ń bẹ̀rù pé ẹran ara á wúwo sí òun lọ́rùn lórí òkè fọkàn balẹ̀.

Lóòótọ́, èèyàn mẹ́sàn-án kéré. Ẹnì kan sì tún lè tọ́ka sí Marchand: láàárín ọdún 101 sí 103 rẹ̀, agbára tó ń fi tẹ kẹ̀kẹ́ kúrò ní wáàtì 90, ó di 125. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò tí onímọ̀ Véronique Billat tẹ̀ lé fún un: ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn, ìdá 20 le koko. Èyí tó le yẹn ni àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ń fò.

Ti egungun ló jẹ́ kí n fara mọ́ irin jù. Orí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló ń gbé wa, egungun kò rẹ́rù gbé. Ní 2003, onímọ̀ Jeanne Nichols àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà rí i pé egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí àwọn ọkùnrin tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́lẹ́ ju ti ẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣeré ìdárayá lọ. Kí irú wọn gbé irin lé èjìká lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n dìde, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò.