Ọmọ Tuntun Nínú Ilé, Adìẹ Ní Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó bá gba ọmọ ọdún 3 tàbí 4 tọ́ ló máa ń rò pé aṣọ tuntun àti ohun ìṣeré ni yóò jẹ́ kí ara ọmọ náà balẹ̀. Ọmọ á wọ aṣọ, á fi ohun ìṣeré ṣeré, síbẹ̀ tó bá di òru á jí, á máa wo ilẹ̀kùn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tó wà níbí lánàá ṣì máa wà níbí lọ́la. Ẹ̀yìnkùlé tí adìẹ mẹ́ta-mẹ́rin àti ebè ẹ̀fọ́ díẹ̀ wà máa ń dáhùn ìbéèrè yẹn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, tí àgbà bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ sì ṣe tiwọn tẹ̀lé (ti Èkó jáde ní 2007), fi lélẹ̀ pé ilé ẹjọ́ ló ń fi ọmọ fún òbí, kì í ṣe nọ́ọ̀sì tàbí alágbàtà. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25 ó kéré tán, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ lọ. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ wọn fún oṣù 3 gbáko kí àṣẹ ilé ẹjọ́ tó jáde. Lábẹ́ òfin yìí, ó ní ẹ̀tọ́ sí ogún bí ọmọ tí wọ́n bí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní àfikún tirẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yín.

Oṣù 3 yẹn ni ẹ̀yìnkùlé máa ń wúlò jù. Ọmọ tí wọ́n ti gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ kì í tètè gba ìlérí gbọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ló ń gbà gbọ́, adìẹ ò sì mọ ọjọ́ ìsinmi. Láàárọ̀, ìyá á kí i ní oríkì rẹ̀ (ẹ fún un ní oríkì, ẹ má fi dù ú), wọ́n á jọ ṣí ilé adìẹ, wọ́n á da àgbàdo sílẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ omi. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n á jọ ti ilé adìẹ náà. Tó bá yá, ọmọ gan-an ni yóò máa fa ìyá lọ́wọ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ohun tí kì í pẹ́ ni kí ẹ gbìn. Tẹ̀tẹ̀ ṣeé já láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, èyí tí wọ́n sì já lórí á tún rú. Iṣu dára, àmọ́ ta ni yóò ní kí ọmọ ọdún 3 dúró de iṣu? Ẹyin tí adìẹ sàba lé máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Ẹ máa fi èédú fa ìlà kan sára ògiri lójoojúmọ́. Tó bá di ọjọ́ 7, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin nínú òkùnkùn, ọmọ á rí iṣan pupa tín-ín-rín nínú rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ ti sọ fún un pé gbogbo ẹyin kọ́ ló ń pa.

Ọmọ tí ebi ti pa rí lè máa kó oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ má pè é lólè. Ẹ fún un ní abọ́ kan tí kì í ṣófo, kí ó sì máa bá yín já ẹ̀fọ́ títí ẹ̀fọ́ náà á fi dé inú ìkòkò.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tí wọ́n máa pa adìẹ. Ọmọ tí àwọn èèyàn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìdágbére, tó wá ti jẹ́lé-ó-sinmi dé, tó bá àkùkọ tó fún lágbàdo láàárọ̀ nínú ọbẹ̀ ọdún, ojú mìíràn ni yóò fi wo àwo náà. Mi ò ní kí ẹ má pa adìẹ o. A ò sìn ín fún ìran wíwò. Ẹ ṣáà ya àwọn tó wà fún jíjẹ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ wọ́n lórúkọ, kí ẹ sì sọ fún ọmọ ṣáájú pé, "Eléyìí la máa jẹ nígbà ọdún." Tó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Tí àṣá bá gbé òròmọdìẹ, ẹ sọ pé àṣá ló gbé e, ẹ má sọ pé ó rìnrìn àjò. Ọmọ tí wọ́n ti fi "ó ń bọ̀" tàn rí mọ irọ́ yẹn dáadáa.

Àwọn kan máa ń fi ẹyin awó sábẹ́ adìẹ. Adìẹ á pa á ní bíi ọjọ́ 26 sí 28, á sì máa kó wọn kiri bí ọmọ rẹ̀. Ó lè wu òbí láti fi èyí ṣàlàyé fún ọmọ bó ṣe dé inú ilé. Ẹ má dán an wò: awó tó bá dàgbà tán lè fò wọgbó lọ. Òótọ́ ló dára: "Ìyá mìíràn ló bí ẹ. Àwa la wá ẹ lọ. Ọmọ wa ni ẹ́." Ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì bá wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ló rọrùn jù láti sọ ọ́, torí ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹnìkejì.

Ní ti ìlera àti ààbò, tí kànga bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ bò ó, kí ẹ sì ti ìdérí rẹ̀ ní àgádágodo. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọ́dọ̀ máa gbé òròmọdìẹ mọ́ra. Ọṣẹ àti omi ni kó fi fọwọ́ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Imí adìẹ tútù máa ń jó ẹ̀fọ́, ó sì lè kó àìsàn ranni, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jẹrà lórí ààtàn fún oṣù mélòó kan ná. Lùkúlùkú, àrùn tó ń pa adìẹ, sábà máa ń jà nígbà ọyẹ́. Ẹ gba oògùn àjẹsára lọ́wọ́ dókítà ẹran kó tó dìgbà náà.

Àwọn aládùúgbò lè máa wò ó pé ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ gbà. Ìdáhùn tí ẹ máa fún wọn wà nínú bí ẹ ṣe ń ṣe é: àgbà ń bá a ṣiṣẹ́, iṣẹ́ àgbà pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ọmọ tí ẹ bí náà ń ṣe tirẹ̀, ọjọ́ tí kò bá wù ú ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yan àgbébọ̀ kan fún un. Tó bá yé, ọmọ náà ló ni ẹyin, òun ló sì ni owó rẹ̀. Ẹ má fi ra iyọ̀ ọbẹ̀.