Ìdí Tí Elégédé Fi Ń Tanná Tí Kì Í So

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá gba àfonífojì Gountou Yéna kọjá ní ìlú Niamey nígbà ọyẹ́ yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti dá láti oṣù kẹwàá. Omi ni àwọn ọlọ́gbà ń pọn sí ebè wọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Láàrin létùsì, kábéèjì àti àlùbọ́sà ni ẹ ó ti rí elégédé kékeré tí àwọn Faransé ń pè ní courgette, èyí tí kì í fà nílẹ̀ bí elégédé ilé wa, tí a sì máa ń já ní tútù kí èèpo rẹ̀ tó le. Àwọn Haúsá ń pe elégédé ní kabewa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewé rẹ̀, tí í ṣe gbọ̀rọ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lọ́bẹ̀. Orúkọ yòówù kí ẹ máa pè é ní ìlú yín, ìṣòro kan náà ni ó ń bá a jà: a tanná rẹpẹtẹ, kò sì ní so.

Ìyá ọlọ́gbà kan ní etí Odò Ọya ni ó fi èyí hàn mí. Ó ti yá owó ra irúgbìn, ó sì ti gbẹ́kẹ̀ lé èrè ebè náà láti san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ méjì. Oṣù kan àti ààbọ̀ ti kọjá. Ewé fẹ̀ bí agboòrùn, òdòdó ń là lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá yọ kì í ju àtàǹpàkò lọ kí ó tó pọ́n, kí ó sunkì, kí ó sì jẹrà. Ó ní ẹni tí ó ta irúgbìn fún òun ti rẹ́ òun jẹ, ó sì ti bá a jà ní gbangba ọjà. Aládùúgbò rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Ó ń múra láti fa gbogbo rẹ̀ tu.

Èmi kò lè fi í rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kìíní mi nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo fa elégédé mẹ́jọ tu nínú ọgbà wa nítorí pé kìkì òdòdó tí kò lọ́mọ nídìí ni wọ́n ń yọ. Bí mo bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, bóyá wọn ìbá so.

Lórí igi elégédé kan náà ni akọ òdòdó àti abo òdòdó wà. Akọ dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀. Abo kúrú, ó jókòó lórí ọmọ elégédé kíńkíní kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí tàn yín jẹ, nítorí kò tíì di èso. Ilé òfìfo ni títí lẹ́búlẹ́bú rúsúrúsú tí ó wà láàrin akọ yóò fi dé orí ahọ́n abo. Ní ọdún 1694, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Camerarius, ní ìlú Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé láti fi hàn pé ewéko ní akọ àti abo. Àwọn tí ń gbin ọ̀pẹ déètì, irú èyí tí ó wà ní agbègbè Aïr ní àríwá Niger, kò dúró de ìwé rẹ̀: láti ayébáyé ni àwọn olóko déètì ti ń fi ọwọ́ gbé òdòdó akọ lọ bá abo.

Akọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, bí elégédé yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tí ẹ kò sì rí abo, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀sán gígùn a máa sọ akọ di púpọ̀. Ìgbà tí òru bá tutù tí ọ̀sán sì kúrú ni abo ń pọ̀. Ní Niamey, ooru oṣù kẹrin a máa kọjá ìwọ̀n 40 ti Celsius, lẹ́búlẹ́bú pàápàá a sì máa kú nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbìn ín ní oṣù kẹta ń bá ojú ọjọ́ jà. Oṣù kọkànlá sàn jù. Ẹ̀yin ará Kútọnú àti Lomé, òjò ìdájí ni ọ̀tá tiyín, nítorí oyin kì í fò nínú òjò. Ẹni tí ó bá sì da yúríà sí i ní àdàjù, ewé ni yóò kó.

Lẹ́búlẹ́bú elégédé wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan; afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Oyin ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni elégédé ti wá, níbi tí ó ti ní irú oyin tirẹ̀ tí ń jí ní kùtùkùtù láti bẹ òdòdó rẹ̀ wò. Oyin yẹn kò bá a ré òkun wá sí Áfíríkà, oyin ilẹ̀ wa ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Àkókò rẹ̀ kò sì gùn rárá: òdòdó abo a là ní ìdájí, a sì pa ojú dé kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sì ní là mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ yìí, kí ó má ṣe fi í sí wákàtí ọ̀sán.

Mo bi ìyá náà nígbà tí ó ń fín oògùn apakòkòrò. Ó ní láràárọ̀ ni, bí òun bá ti kí ìrun àsùbáà tán, nítorí kòkòrò funfun tí ń bẹ lábẹ́ ewé. A dúró síbẹ̀ láti aago méje títí di mẹ́sàn-án, a kò rí oyin kan ṣoṣo. Irúgbìn kò jẹ̀bi, ayé kò sì jẹ̀bi.

Ó dá oògùn dúró. Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, a já akọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, a ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò títí ó fi ku ọ̀pá àárín tí lẹ́búlẹ́bú wà lára rẹ̀. A fi í kan ahọ́n abo yí ká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń lé tìróò fún ọmọ ọwọ́. Ahọ́n náà pín sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó gbà. Bí apá kan bá gbà tí apá kejì kò gbà, èso a wọ́, a sì tín-ín-rín lápá kan. Akọ kan tó fún abo méjì tàbí mẹ́ta. Abo tí ó là ní àná kò wúlò mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé èso ti tóbi kí ó tó jẹrà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ là á. Bí ìdin bá wà nínú rẹ̀, eṣinṣin èso ni ó gún un tí ó sì yé sí i. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì sá a sí oòrùn, ẹ má ṣe jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ebè. Bí kò bá sí ìdin, tí orí èso nìkan dúdú tí ó sì rọ̀, ẹ wo bí ẹ ṣe ń bomi rin ín: ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àkúnya omi lọ́jọ́ kẹrin, kò bá a lára mu.

Ìyá náà so òwú pupa mọ́ ọrùn gbogbo abo tí a fi ọwọ́ kàn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ní ọjọ́ karùn-ún, mẹ́ta ti pọ́n, ṣùgbọ́n mọ́kànlá yòókù ti gùn ju ìka ọwọ́ lọ, èèpo wọn sì ń dán. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, ó já wọn, ó gbé wọn lọ sí ọjà, ó sì kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta irúgbìn fún un láti tọrọ àforíjì.