Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: owó ìyá ti lọ, irinṣẹ́ ọmọ kò wọlé

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, ẹ fara balẹ̀ ka èyí o, ọ̀rọ̀ owó ni!

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá elélùbọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó dá àjọ, ó kó àjọ, ó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní kóòdù. Ọmọ ra dátà, ó gba irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Python láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní Windows 7 tó wà nínú rẹ̀ ti gbó jù. Dátà ti lọ nìyẹn. Ìyá ní gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún òun. Ọmọ ní bóyá orí òun ni kò gba iṣẹ́ náà. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì!

Windows ni ó ń darí kọ̀ǹpútà. Microsoft ti Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Orí rẹ̀ ni irinṣẹ́ bíi Python ń jókòó lé. Ẹ̀yin télọ̀ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máṣíìnì ńlá ti ilé iṣẹ́ kì í wọ máṣíìnì kékeré tí à ń lò nílé. Abẹ́rẹ́ kò bàjẹ́, máṣíìnì kò bàjẹ́, wọn ò kàn bára mu ni.

Ọdún 2009 ni Windows 7 jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 14, oṣù kìíní, 2020, Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Òfin àwọn tó ń ṣe Python sì ni pé Windows tí Microsoft bá ti pa tì, àwọn náà ò ní di ẹrù tuntun fún un mọ́. Bí Python 3.9 ṣe jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 kan náà nìyẹn, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Windows 7.

Ká má sáré bú wọn. Inú Windows kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí irinṣẹ́ òun ṣiṣẹ́ lórí márùn-ún gbọ́dọ̀ dán an wò lórí márààrún, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún wa. Àmọ́ ó jọ pé wọ́n rò pé gbogbo ayé ti ra tuntun. Ta ló sọ fún wọn pé Adó ti ra tuntun?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ rèé: wọn kì í da ti àtijọ́ nù. Python 3.8.10, tó jáde ní oṣù karùn-ún, 2021, ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílé àwọn tó ṣe é gan-an. Windows 7 ń gbà á, kò sì tó MB 30. Ẹnì kan lè gbà á, kó fi fláàṣì pín in fún ogún ọmọ, kò lófin nínú. Kí fláàṣì má sáà ti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀ wá, kòkòrò ń bẹ níbẹ̀! Àléébù tirẹ̀ ni pé láti oṣù kẹwàá, 2024, kò sẹ́ni tó ń tún Python 3.8 ṣe mọ́. Ká fi kọ́ṣẹ́, ó dáa. Ká fi ṣe iṣẹ́ owó oníbàárà, ó léwu.

Ẹni tí kò tíì rà ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni kó ti la ojú rẹ̀. Windows 10 náà ti kógbá wọlé ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, 2025. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni Microsoft ní àwọn yóò máa bá tún tirẹ̀ ṣe títí di oṣù kẹwàá, 2026. Windows 11 tó kù, agbéraga ni. Kọ̀ǹpútà 64 nìkan ló ń bá ṣe, kì í bá 32 ṣe rárá. Ó ń fẹ́ RAM GB 4, ó ń fẹ́ ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, tó bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí. Tòkunbọ̀ ìran kẹrin tàbí ìkẹfà kò sí nínú ìyẹn, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó. Oníṣòwò lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 lé e lórí, Microsoft kò ní kà á mọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ká tan kọ̀ǹpútà lójú ẹni tó ń tà á. Ká béèrè pé Windows wo ni? 32 ni àbí 64? Ìran kélòó? Bí ó bá ń ṣe kùn-ún-kùn-ún, owó ṣì wà lápò wa.

Èyí tó ti wà nílé ńkọ́, tí kò lè gba Windows 11? Tó bá jẹ́ 64, Linux Mint wà, ọ̀fẹ́ ni, Python sì ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé. Ọmọ lè gbé e sórí fláàṣì GB 8, kó fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, kó sì wò ó bóyá wọ́n bára mu, láì fọwọ́ kan Windows tó wà níbẹ̀.