Àpèjúwe Yàtọ̀ sí Ìpolówó: Ẹ̀tọ́ Olùrà láti Gba Owó Rẹ̀ Padà ní Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àpèjúwe ni alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ohun tí oníbàárà bá júwe ni alágbẹ̀dẹ ń fi iná àti ọmọ owú ṣe. Bí ohun tí ó rọ bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n júwe fún un, ọrùn rẹ̀ ni àtúnṣe wà. Ní ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Olùtà ni ó ń júwe. Olùrà ni ó ń gbẹ́kẹ̀ lé àpèjúwe náà láìtíì fi ojú kan ọjà. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbìyànjú láti dáhùn ni pé, bí ohun tí wọ́n gbé dé bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n júwe, kí ni òfin Nàìjíríà fi lé olùrà lọ́wọ́, báwo sì ni owó rẹ̀ ṣe lè padà sọ́wọ́ rẹ̀?

Kókó ìdáhùn náà jẹ́ méjì. Èkíní ni pé orí àpèjúwe ni ẹ̀tọ́ olùrà dúró lé, kì í ṣe orí ìpolówó. Èkejì ni pé ẹ̀tọ́ náà kì í dúró pẹ́ de ẹni tí kò bá tètè sọ̀rọ̀.

2.0 Bí Ọjà Ṣe Yí Padà

Ẹni tí ó bá lọ ra àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò tẹ́ aṣọ náà, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, yóò gbóòórùn ẹlú lára rẹ̀ kí ó tó ná an. Bí àbùkù bá fara hàn lẹ́yìn náà, ó mọ ìsọ̀ tí ó ti rà á, ó sì mọ ẹni tí í ṣe ìyálọ́jà. Àyẹ̀wò ni ó ń ṣáájú, owó ni ó ń tẹ̀lé e.

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì dá ètò yìí rú, ọ̀nà tí ó sì gbà dá a rú pín sí oríṣi méjì. Oríṣi kìíní ni irú Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012. Onílé ọjà ni wọ́n: olùtà ń pàtẹ sórí ìkànnì wọn, ètò sísan owó àti dídá ọjà padà sì ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Oríṣi kejì ni irú Jiji, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ibi tí olùtà ń lẹ ìkéde mọ́ ni èyí. Olùrà àti olùtà ni ó ń wá ara wọn rí, tí wọ́n sì ń san owó láàárín ara wọn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ti lè padà.

3.0 Ìpolówó àti Àpèjúwe

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé ewì ni ìpolówó ọjà láàárín àwọn Yorùbá, àsọdùn sì ni ẹwà rẹ̀. Bí aláṣọ bá wí pé ọba aṣọ ni èyí, pé gbogbo ojú ni yóò máa wo ẹni tí ó bá ró o, kò sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́ nítorí pé ojú méjì péré ni ó wò ó. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀: ìyìn lásán kì í ṣe ìlérí.

Àpèjúwe yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a lè dán wò ni. ‘Owú ni gbogbo rẹ̀’, ‘ẹlú ni a fi rẹ ẹ́’, ‘yáàdì márùn-ún ni’, ‘tuntun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀’: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni a lè sọ pé òtítọ́ ni tàbí irọ́. Ìdánwò tí ó rọrùn ni kí olùrà béèrè pé: ǹjẹ́ ẹni mìíràn lè fi ojú, ọwọ́ tàbí òṣùwọ̀n mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àpèjúwe ni.

Ẹjọ́ kan tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1967, Beale v Taylor, fi èyí hàn kedere. Ọkùnrin kan kéde ọkọ̀ Herald rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé ti ọdún 1961 ni. Ẹni tí ó rà á tilẹ̀ lọ wò ó kí ó tó san owó. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ìdajì ọkọ̀ méjì ni wọ́n jó pọ̀. Ti 1961 ni ìdajì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ti iwájú ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùtà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ pinnu pé ‘1961’ jẹ́ àpèjúwe, olùtà sì jẹ olùrà ní owó gbà-má-bínú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò di dandan kí olùrà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé olùtà mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ó tó pé ọjà kò bá àpèjúwe mu.

4.0 Ohun tí Òfin Wí

Òfin méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni Òfin Títà Ọjà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1893, èyí tí ó di ara òfin Nàìjíríà, tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sì sọ di tirẹ̀. Abala 13 rẹ̀ sọ pé níbi tí títà bá ti wáyé nípa àpèjúwe, ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe mu. Abala 34 fún olùrà ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó lè sọ pé ó ti gbà á. Abala 36 fi kún un pé ẹni tí ó bá kọ ọjà lọ́nà ẹ̀tọ́ kò ní láti gbé e padà fúnra rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ti jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ó tó kí ó sọ fún olùtà pé òun kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n abala 35 ni ọ̀fìn ibẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ọjà bí ẹni pé tirẹ̀ ni, tàbí tí ó pa á mọ́ ju àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu lọ láìsọ̀rọ̀, òfin kà á sí ẹni tí ó ti gbà á. Kò lè dá a padà mọ́. Owó gbà-má-bínú nìkan ni ó kù fún un.

Èkejì ni Òfin Ìdíje Ọjà àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti Ìjọba Àpapọ̀ ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, tí ó sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Abala 121 sọ pé ọjà tí wọ́n rà nípa àpèjúwe gbọ́dọ̀ bá a mu nínú gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì. Abala 122 ni ó sún mọ́ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì jù lọ: olùrà tí kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e dé lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu bí kò bá bá àpèjúwe mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Abala 117 béèrè pé kí olùtà fi hàn gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Abala 129 kò sì gba àdéhùn tí yóò mú kí olùrà pàdánù ẹ̀tọ́ tí òfin fún un. Nítorí náà, àkọlé ‘ọjà tí a bá tà kò ní ìdápadà’ kò lè borí abala 122.

5.0 Bí Olùrà Ṣe Lè Lo Ẹ̀tọ́ Náà

Kí a mú obìnrin kan bí àpẹẹrẹ. Ó ra aṣọ yáàdì márùn-ún tí ìkéde rẹ̀ wí pé ‘àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ ni a fi ṣe é, ẹlú ni a fi rẹ ẹ́’. Aṣọ tí ó dé jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí lójú kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Àwọn ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé nìyí:

(i) Kí ó ti ya àwòrán ìkéde náà láti ojú fóònù rẹ̀ kí ó tó san owó, nítorí pé olùtà lè yí ọ̀rọ̀ padà tàbí kí ó pa á rẹ́.

(ii) Kí ó ya àwòrán aṣọ náà, tojú tẹ̀yìn, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Kí ó má ṣe gé e, kí ó má fọ̀ ọ́, kí ó má gbé e fún aránṣọ. Sísísì aránṣọ lè pa ẹ̀tọ́ ìdápadà.

(iii) Kí ó kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe kí ó fi fóònù sọ ọ́ lásán. Kí ó gba ọ̀nà tí ìkànnì là sílẹ̀ fún ìdápadà, kí iye ọjọ́ tí wọ́n fún un má sì kọjá. Ìwé náà kò ní láti gùn: ‘Ẹ júwe aṣọ yìí pé ọwọ́ ni a fi ṣe é, pé ẹlú ni a fi rẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ni ó tẹ èyí tí ó dé. Mo kọ̀ ọ́, mo sì ń béèrè gbogbo owó mi padà.’

(iv) Bí wọn kò bá dáhùn, abala 146 gbà á láyè láti mú ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ FCCPC, tàbí kí ó lọ tààrà sí ilé-ẹjọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-ẹjọ́ májísíréètì tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké ti wà láti 2018. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ètò wọn fi lélẹ̀ fún ìdájọ́. Ìwé tí a fi béèrè gbèsè gbọ́dọ̀ ti ṣáájú ẹjọ́ náà.

6.0 Àwọn Ibi tí Ọ̀rọ̀ Ti Le

Ohun mẹ́ta ni ó ń dí olùrà lọ́wọ́. Èkíní, òfin kò ka iye ọjọ́ tí ‘àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu’ jẹ́. Ti ẹja tútù kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀rọ amúnáwá. Ìdí nìyí tí ọjọ́ kìíní fi dára ju ọjọ́ kejì lọ. Èkejì, kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni ó tó láti kọ ọjà: àwọ̀ tí ó ṣú díẹ̀ ju ti ojú fóònù lọ kò dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ọwọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù: òfin lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí olùtà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí olùtà jẹ́. Olùtà tí ó bá rọ olùrà pé kí ó kúrò lórí ìkànnì, kí ó fi owó ránṣẹ́ tààrà nítorí ẹ̀dínwó díẹ̀, ń mú un kúrò lábẹ́ ètò ìdápadà onílé ọjà. Bí orúkọ àti àdírẹ́sì kò bá sí, ta ni wọn yóò fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé lọ́wọ́? Ní irú ọjà kejì, níbi tí onílé ọjà kì í ti í di owó mú, àtúnṣe tí ó wà ni kí olùrà dá ètò àtijọ́ padà: kí ó pàdé olùtà ní gbangba, kí ó yẹ ọjà wò, kí ó tó san owó.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé òfin kò fi olùrà sílẹ̀ lásán. Ohun tí ìyálọ́jà àti àyẹ̀wò ojú ń ṣe ní ọjà Ìtòkú ni abala 121 àti 122 ń gbìyànjú láti ṣe fún ọjà tí kò ní ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí àpèjúwe gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ olùrà, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yá. Olùtà lè polówó bí ó bá ti wù ú. Ohun tí ó bá ti júwe ni ó gbọ́dọ̀ gbé wá.